Fífa Irun Tu Láìlè Dáwọ́ Dúró: Àwọn Àmì Tí Olùkọ́ Lè Rí Nínú Kíláàsì

Ní kíláàsì kan ní Port Harcourt, níbi tí mo ti lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa tó ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, mo rí ọmọbìnrin kan tí wọ́n ní kó dúró sẹ́yìn kíláàsì nítorí pé "ó ń fi irun ṣeré." Àtàrí rẹ̀ ti pá lápá kan. Làpálàpá ni olùkọ́ náà pè é.

Kì í ṣe làpálàpá. Àìsàn tí ọmọ náà ní ni Hallopeau, oníṣègùn awọ ara ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ ní trichotillomania lọ́dún 1889. Ẹni tó ní in máa ń fa irun ara rẹ̀ tu, ó fẹ́ dáwọ́ dúró, kò sì lè ṣe é. Èékánná jíjẹ àti bíbó awọ ara ẹni títí yóò fi dégbò sún mọ́ ọn.

Ẹ wo ibi tó pá náà dáadáa. Làpálàpá sábà máa ń yún, awọ ibẹ̀ a sì máa hó. Irun tí wọ́n dì le jù máa ń ré níwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ ti ń fa irun tu, irun kéékèèké tí gígùn wọn kò dọ́gba ló máa ń wà níbẹ̀, nítorí pé tuntun ń hù bí ọwọ́ ti ń fa èyí tó ti gùn. Ẹ tún wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà ìwé kíkà tàbí ìdánwò: ó lè máa wá orí lọ láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀. Láàárín ọdún 10 sí 13 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wíìgì àti ìbòrí máa ń bò ó. Níbi tí wọ́n ti ń gé irun ọmọbìnrin mọ́lẹ̀, irun òkè ojú àti ti ìpéǹpéjú ló kù tí ẹ lè fi mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan máa ń gbé irun náà mì. Irun kì í dà nínú ikùn. Ó lè di òkìtì níbẹ̀. Bí inú bá ń run irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó ń bì, tó sì ń rù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹgba kò wò ó; ìtìjú ń dá kún un ni. Lọ́dún 1973, Azrin àti Nunn ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀: ọmọ yóò kọ́ láti mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbéra, yóò sì di ìkúùkù dípò rẹ̀. Òbí púpọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Rumuigbo, níbi tí ilé ìwòsàn ọpọlọ wa wà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ darí wọn sọ́dọ̀ dókítà awọ ara, kí ẹ sì pe ọmọ náà sọ́tọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe lójú kíláàsì.