Sílíkónì Tó Ṣẹ́kù: Ẹ Má Jẹ́ Kó Le Sínú Ọ̀pá

Ká tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá.

Òjò ńlá kan rọ̀ lóru. Omi ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wọlé, ó ń kán sórí tábìlì tí mo máa ń gbé maikirofóònù àti kọ̀ǹpútà wa sí. Mo rántí pé ìlàjì ọ̀pá sílíkónì kan ṣì wà nílé ìwẹ̀. Mo sáré lọ mú un. Mo tẹ ìbọn rẹ̀ títí, nǹkan kan ò jáde. Ó ti le bíi rọ́bà. Aṣọ ìnura ni mo fi ń gba omi mọ́jú.

Nígbà tí mo sọ fún bọ̀ọ̀dá tó ń bá wa ṣe fèrèsé, ẹ̀rín ni wọ́n rín: "Ilé ìwẹ̀ lo gbé e sí? Ìwọ lo bà á jẹ́."

Òótọ́ ni. Sílíkónì kì í gbẹ bíi ti ọ̀dà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Nítorí náà, ilé ìwẹ̀ ló burú jù fún un. Ẹni tó bá sì ki ẹnu rẹ̀ bọ omi kó má baà le, ó ń bá a le kíá ni.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí rèé. Tí mo bá lò ó tán, mo máa ń tẹ irin ẹ̀yìn ìbọn kó lè dẹwọ́ títì, kí sílíkónì má bàa máa yọ jáde. Mo máa ń jẹ́ kí díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó le síbẹ̀. Òun ló ń di ìdérí. Lẹ́yìn náà, mo máa fi ọ̀rá wé e, kí n fi téèpù dì í pinpin, kí n kọ ọjọ́ tí mo ṣí i sára rẹ̀, kí n wá gbé e síbi tó gbẹ, tí oòrùn ò dé.

Tí mo bá tún fẹ́ lò ó, ẹ̀mú ni mo fi ń fa ìdérí yẹn yọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti le délẹ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ yí ẹnu náà kúrò, inú ọ̀pá lè ṣì dáa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sórí páálí. Tí kò bá le títí di ọjọ́ kejì, ẹ má lò ó, torí sílíkónì tó ti pẹ́ jù lè kọ̀ láti le.

Gọ́ọ̀mù páìpù yàtọ̀. Kẹ́míkà inú rẹ̀ ló ń fẹ́ lọ, tó fi ń le. Ẹ nu etí agolo rẹ̀ mọ́, ẹ dé e pa, ẹ gbé e jìnnà sí iná, torí ó ń gbaná. Ní ti gọ́ọ̀mù oníọ̀pá méjì tá à ń pò pọ̀, ẹ má ṣe pààrọ̀ ìdérí wọn. Bí wọ́n bá kan ara wọn lẹ́nu, wọ́n á le pa.

Kẹ́ ẹ tó tọ́jú èyíkéyìí, ẹ bi ara yín: kí ló ń mú un le? Ohun náà ni kẹ́ ẹ dí ọ̀nà mọ́. Kí òjò tó dé ni ká ti ṣe é o. Ó dìgbà kan ná.