Bí Ìmọ́lẹ̀ Lésà Ṣe Ń Jáde Láti Inú Òkúta, Àti Ìdí Tí Dígí Inú Rẹ̀ Fi Gbọ́dọ̀ Gún Régé

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láàárín wa ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí àìsàn ojú tí àwọn dókítà ń pè ní kataráàtì, èyí tí ó máa ń mú kí ẹyin ojú funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Wọn a yọ lẹ́ǹsì àbínibí tí ó ti ṣú kúrò, wọn a sì fi lẹ́ǹsì oníke kékeré rọ́pò rẹ̀. Ojú a là, ilé a sì kún fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, àwọn mìíràn nínú wọn a tún bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé kùrukùru náà ti padà. Kataráàtì kọ́ ni ó tún hù. Àpò tín-ín-rín tí lẹ́ǹsì tuntun náà jókòó sí ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí dókítà bá wá sọ pé, “Màmá, lésà ni a ó fi là á fún yín,” ẹ̀rù a máa ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n á rò pé iná ni wọ́n fẹ́ jó sí àwọn lójú.

Kí ni lésà yìí gan-an? Irú èyí tí wọ́n ń lò fún iṣẹ́ yìí ni a mọ̀ sí lésà Nd:YAG, ọ̀kan nínú àwọn lésà tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń ti inú òkúta líle jáde. Bí a bá wo inú rẹ̀ fínnífínní, a ó rí i pé bí àwọn ohun tí ó wà níbẹ̀ ṣe gún régé síra wọn ni agbára rẹ̀ dúró lé, ju bí iná inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ.

Bí òkúta ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ jáde

Ní ọdún 1917 ni Albert Einstein ṣàlàyé ohun ìyanu kan nípa ìmọ́lẹ̀. Bí átọ́ọ̀mù kan bá ti gba agbára sára, tí hóró ìmọ́lẹ̀ tí ó bá a mu sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, átọ́ọ̀mù náà yóò tú hóró ìmọ́lẹ̀ mìíràn sílẹ̀ tí ó jọ èyí tí ó ń kọjá lọ ní gbogbo ọ̀nà: àwọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, ìṣísẹ̀ kan náà. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan dá orin, tí ẹnì kejì sì gbè é ní ohùn kan náà láìyẹsẹ̀. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó rí ọgbọ́n dá sí i. Charles Townes, ará Amẹ́ríkà, ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú ọgbà ìgbafẹ́ ní ìlú Washington ní ọdún 1951, tí ọ̀nà tí a lè gbà lò ó sì là sí i lọ́kàn. (Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Templeton ní ọdún 2005, nítorí ó ti pẹ́ tí ó ti ń kọ̀wé lórí bí sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀sìn ṣe lè bára wọn sọ̀rọ̀.) Ìgbì bíi ti rédíò ni ohun èlò tí òun kọ́kọ́ ṣe ń gbé jáde. Theodore Maiman ni ó mú un dé orí ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ní ìpínlẹ̀ California, ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1960. Ọ̀pá òkúta rúbì kékeré ni ó lò. Ó fi iná kan tí ó lọ́ bí sípíríǹgì yí i ká, iná náà sì kọ yẹ̀rì bíi ti kámẹ́rà. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ àkọ́kọ́ tí ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí kò gbà á. Ìwé ìròyìn Nature ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Rúbì ṣòro láti lò díẹ̀, nítorí pé ó ju ìdajì àwọn átọ́ọ̀mù tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tí a gbọ́dọ̀ gbé sókè kí ìmọ́lẹ̀ tó lè máa pọ̀ sí i. Ní ọdún 1964, Joseph Geusic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Laboratories rí òkúta tí ó rọrùn jù ú lọ. Ènìyàn ni ó ń ṣe òkúta yìí. Wọ́n ń yọ́ yttrium àti aluminium tí ó ti dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn nínú ìkòkò tí a fi mẹ́táàlì iridium ṣe, ní ìwọ̀n ooru tí ó tó nǹkan bí 1,970 ní ìdíwọ̀n Celsius. Wọ́n á wá ki èso òkúta kékeré kan bọ ojú rẹ̀, wọn á máa yí i, wọn á sì máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí ó fi dàgbà. Wọ́n ń fi neodymium rọ́pò nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún yttrium, èyí ni ó sì ń fún òkúta náà ní àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Neodymium yìí ni òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Òkúta yòókù kàn gbà á sí ilé ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé alájà ṣe àpẹẹrẹ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn átọ́ọ̀mù neodymium máa ń wà. Iná tí a tàn sí wọn lára gbé wọn lọ sí àjà kẹta. Wọn kì í lè dúró níbẹ̀, kíá ni wọ́n ń já sí àjà kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi díẹ̀, fún nǹkan bí ìdá 230 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó pẹ́ gan-an lójú átọ́ọ̀mù. Bí hóró ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lára wọn ní àkókò yìí, wọ́n á já sí àjà kìn-ín-ní, wọ́n á sì tú ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n á fi tún kúrò níbẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Nítorí pé àjà kìn-ín-ní máa ń ṣófo nígbà gbogbo, kò nira rárá kí àwọn tí ó wà ní àjà kejì pọ̀ ju wọ́n lọ, ìgbà náà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ sì lè máa gbèrú. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ó ń jáde gùn ní nánómítà 1064. Ojú ènìyàn kò lè rí i.

Iná tí ó ń gbé àwọn átọ́ọ̀mù náà sókè lè jẹ́ gílóòbù gígùn tí gáàsì xenon wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá òkúta nínú yàrá kékeré oníbíríkítí gígùn tí ara rẹ̀ ń dán. Ó sì lè jẹ́ àwọn lésà kéékèèké tí ń tàn ní nánómítà 808, èyí tí neodymium máa ń gbà sára dáadáa. Nínú àwọn ẹ̀rọ ńlá, omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní ń ṣàn yí òkúta náà ká kí ó má baà gbóná jù.

Dígí méjì tí wọ́n kọjú síra

Ẹni tí ó bá ti jókòó rí ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ níbi tí dígí wà níwájú, tí òmíràn sì wà lẹ́yìn, yóò ti rí i pé àwòrán orí òun ń lọ réré, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí dígí kan bá fì díẹ̀, àwọn àwòrán náà á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á sì pòórá ní etí dígí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni inú lésà rí.

Ọ̀pá òkúta náà wà láàárín dígí méjì. Èyí tí ó wà lẹ́yìn ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kàn án padà. Èyí tí ó wà níwájú ń dá apá kan padà, ó sì ń jẹ́ kí ìyókù kọjá síta. Ohun tí ó kọjá yìí ni ìtànṣán lésà. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá rìn gbọọrọ láàárín dígí méjèèjì yóò gba inú òkúta kọjá léraléra, yóò sì máa lágbára sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá yà díẹ̀ yóò jáde ní ẹ̀gbẹ́, kò sì ní padà mọ́.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ká ní dígí kan fì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ó bá ga tó mítà kan, orí rẹ̀ yóò yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ ní mílímítà kan péré. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá dá padà yóò yà ní ìlọ́po méjì ìyẹn. Nígbà tí yóò bá fi rin ìdajì mítà dé ọ̀dọ̀ dígí kejì, yóò ti kúrò lójú ọ̀nà ní odidi mílímítà kan. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pá òkúta náà lè má fẹ̀ ju mílímítà mẹ́fà lọ. Ìrìn mélòó kan péré ni ìmọ́lẹ̀ náà yóò rìn kí ó tó sọ nù. Ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ iná, gílóòbù rẹ̀ yóò máa kọ yẹ̀rì, ṣùgbọ́n ohunkóhun kò ní jáde.

Báwo wá ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń tò ó? Wọn kì í fi lésà náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé lésà pupa kékeré kan tí kò lágbára sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, wọ́n á sì jẹ́ kí ìtànṣán rẹ̀ gba ojú ihò wínníwínní kọjá lára páálí. Wọ́n á tún ọ̀pá òkúta ṣe títí ìtànṣán pupa yóò fi gba àárín gbùngbùn orí rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé dígí iwájú sí àyè rẹ̀. Sikúrúù méjì ni ó wà lára ibi tí dígí jókòó sí: ọ̀kan ń yí i sókè sódò, èkejì ń yí i sọ́tùn-ún sósì. Wọ́n á máa yí wọn díẹ̀díẹ̀ títí àmì pupa tí dígí dá padà yóò fi wọ inú ihò tí ó ti jáde. Wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún dígí ẹ̀yìn.

Ìyẹn kàn mú un súnmọ́ ibi tí a ń lọ ni. Wọ́n á wá wọ awò tí a ṣe fún ìgbì 1064, wọ́n á tan lésà náà ní agbára kékeré, wọ́n á sì fi bébà fọ́tò dúdú gba ìtànṣán rẹ̀. Bí àmì tí ó jó sára bébà bá rí roboto, ó dára. Bí ó bá rí bí oṣù lé, nǹkan kan ń bu ìtànṣán náà jẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé ohun èlò tí ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀. Wọ́n á yí sikúrúù kan ṣoṣo títí nọ́ńbà náà yóò fi ga jù lọ, wọ́n á kọjá rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti ń wálẹ̀, wọ́n á sì padà sí ibi tí ó ti ga jù. Ìgbà náà ni wọ́n á tó fọwọ́ kan èkejì. Ẹni tí ó bá kánjú yí méjèèjì pọ̀ yóò sọ ojú ọ̀nà nù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtànṣán pupa. Lójú tèmi, sùúrù ni irinṣẹ́ tí ó wọ́n jù nínú iṣẹ́ yìí. Òkúta tí ó gbóná tún máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí lẹ́ǹsì, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n tò nígbà tí ó tutù lè yẹ̀ nígbà tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹyọ eruku kan péré tí ó bà sára dígí lè jóná mọ́ ọn, kí ó sì sọ ọ́ di àbùkù títí lọ.

Iṣẹ́ ewu sì ni. Ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè rí kò ní mú kí a ṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ ni ojú yóò kó o jọ sí ibi kan ṣoṣo lára awọ tí ń gba àwòrán ní ẹ̀yìn ojú. Ọgbẹ́ tí ó bá dá síbẹ̀ kì í san. Òǹdè àti aago ọwọ́ pàápàá, wọ́n á bọ́ ọ sílẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta lára rẹ̀. Iná mànàmáná tí ó wà nínú àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ sì lè pa ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà.

Nínú yàrá dókítà ojú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Danièle Aron-Rosa ní ìlú Paris àti Franz Fankhauser ní ìlú Bern mú lésà yìí wọ iṣẹ́ ojú. Ohun kan tí ó mú kí ó ṣeé ṣe ni ẹnu ọ̀nà kékeré tí wọ́n fi sí àárín dígí méjèèjì nínú irú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ lónìí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn yìí pa títí agbára yóò fi kún inú òkúta, wọ́n á sì ṣí i lójijì. Gbogbo agbára náà á tú jáde láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára náà fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan: mílíjúùlù kan kò ju ohun tí a nílò láti gbé gíráàmù kan sókè ní sẹ́ǹtímítà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó jáde ní ìṣẹ́jú wàìwàì, ó tó 250,000 wáàtì ní àkókò kékeré náà. Lẹ́ǹsì kó o jọ sí ibi tí ó kéré ju fífẹ̀ fọ́nrán irun lọ, atẹ́gùn ìgbì kékeré kan bẹ́ níbẹ̀, awọ tí ó ṣú náà sì ya. Kò sí jíjó kankan.

Nítorí pé ìtànṣán gidi kò ṣeé rí, ìmọ́lẹ̀ pupa ni dókítà fi ń wá ibi tí yóò ta á sí. Àmì pupa méjì ni ó ń rí. Nígbà tí méjèèjì bá di ọ̀kan, ó ti dé ojú ibẹ̀. Ó sì máa ń sún ibi tí ìtànṣán gidi yóò bẹ́ sí sẹ́yìn awọ náà díẹ̀, nǹkan bí ìdá 150 nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà, kí ó má baà dá ihò sára lẹ́ǹsì oníke tí ó wà níwájú. Nítorí ìdí èyí ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìtànṣán tí a kò rí ń pàdé síbì kan náà. Bí wọ́n bá yapa, ọwọ́ dókítà ìbáà jáfáfá tó bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni yóò máa ta.

Ẹni tí wọ́n ń tọ́jú yóò gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ, yóò sì máa gbọ́ ìró kékeré tọ́, tọ́, tọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í sábà dunni. Kí ó tó lọ sí ilé, wọ́n sábà máa ń wọn bí ojú náà ṣe le tó nínú, nítorí ó lè ga lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ó lè rí àwọn àmì dúdú kéékèèké tí ń léfòó lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ sí i lójijì, tàbí tí ó ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ yẹ̀rì, tàbí tí ó dà bí ẹni pé aṣọ bò ó lójú láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó padà sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an.