KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ ILÉ TUNTUN, Ẹ BÉÈRÈ IRÚ INÁ TÓ WÀ NÍBẸ̀



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí a wo ilé dáadáa kí a tó kó ẹrù wọ inú rẹ̀. Ayálégbé ni ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní Òkè Ọya. Bí wọ́n bá gbé wa lọ sí ìlú mìíràn lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ọmọ ń pọ̀ sí i, tàbí tí onílé fi owó kún owó, a ó kó ẹrù. Bí a bá ń wá ilé, a máa ń béèrè omi, a máa ń béèrè ojú ọ̀nà àti ààbò. Ṣùgbọ́n tó bá kan iná mọ̀nàmọ́ná, ìbéèrè kan ṣoṣo la máa ń bi ejẹ́ńtì: "Ṣé iná wà?" Òun náà á ní, "Iná wà dáadáa." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, owó iná á wá fẹ́ máa bá owó ilé dọ́gba, ojú á sì là.

ẸNI TÓ YAN ILÉ TI YAN INÁ

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ wa kan ń gbé, ẹni tó bá kó dé ilé tuntun lè yan ilé-iṣẹ́ tí yóò máa ta iná fún un. Ó tún lè béèrè fún ètò tí wọ́n ń pè ní Economy 7, tó ti wà láti ọdún 1978. Nínú ètò yìí, iná máa ń dínwó fún wákàtí méje ní òru, ṣùgbọ́n ti ọ̀sán á gbówó lórí. Ẹni tó ń fọṣọ tó sì ń gbé omi gbígbóná lóru ló ń jèrè rẹ̀. Ẹni tó ń lo iná lọ́sàn-án ní tirẹ̀ lè pàdánù.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ pípín iná, tó wà lọ́wọ́ PHCN tí gbogbo wa ṣì ń pè ní NEPA, lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá ló pín ilẹ̀ Nàìjíríà láàárín ara wọn, kálukú sì ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Kano kò lè ní òun fẹ́ ra iná lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ti Jos, ẹni tó wà ní Kaduna kò sì lè ra ti Abuja. Mítà tó wà nílé wa kì í sì í ya owó òru sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọ̀sán.

Ibi tí yíyàn wà fún wa ni ilé tí a fẹ́ gbà. Wáyà ńlá tó gbé iná wọ àdúgbò ló ń sọ iye wákàtí tí ẹ ó máa rí iná àti iye tí ẹ ó máa san.

BAND A DÉ BAND E

Ní ọdún 2020, NERC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, pín àwọn wáyà ńlá yìí sí ọ̀nà márùn-ún gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tó yẹ kí iná wà lójúmọ́:

Band A: wákàtí 20, ó kéré tán
Band B: wákàtí 16
Band C: wákàtí 12
Band D: wákàtí 8
Band E: wákàtí 4

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó Band A fò sókè sí ₦225 fún yúnìtì kan, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́ta iye tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni iye yìí ti ń yí padà, torí náà ẹ béèrè èyí tó wà lóde lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ilé. Ẹ má sì rò pé àdúgbò kan náà túmọ̀ sí Band kan náà. Ilé méjì tó dojú kọra wọn lè wà lórí wáyà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan wà ní Band A, kí èkejì wà ní Band C. Ayálégbé kò sì lè dá nìkan sọ pé òun fẹ́ kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn.

ÈWO LÓ BÁ ÌDÍLÉ YÍN MU?

Iná tó pọ̀ jù lọ kọ́ ló dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wo iye wátì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ, ẹ fi iye wákàtí tí ẹ ń lò ó sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 1,000 pín in. Ohun tó bá jáde ni iye yúnìtì.

Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Fáànù wátì 75 fún wákàtí 12 jẹ́ yúnìtì 0.9. Gílóòbù mẹ́rin oníwátì 10 fún wákàtí mẹ́fà jẹ́ 0.24. Tẹlifíṣọ̀n wátì 100 fún wákàtí márùn-ún jẹ́ 0.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.64 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí yúnìtì 49 lóṣù. Ní ₦225, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦11,100, láìka VAT.

Ẹ wá wo ìdílé tó ń tan ẹ̀rọ amúlétutù kan tó ń jẹ wátì 1,000 fún wákàtí mẹ́jọ lálaalẹ́. Ẹ̀rọ yẹn nìkan á jẹ yúnìtì mẹ́jọ lóru kan, 240 lóṣù. Ní ₦225, ó di ₦54,000 láìtíì ka fíríìjì àti áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn.

Ìyá tó ń ta omi tútù àti ẹja inú yìnyín nílò wákàtí púpọ̀. Band A lè dín owó epo jẹnẹrétọ tó ń rà kù, kó sì jèrè. Télọ̀ tó ń ránṣọ nílé ní tirẹ̀ nílò iná ọ̀sán. Wákàtí 12 lè tó o bó bá bọ́ sí ojúmọmọ, ṣùgbọ́n kò wúlò fún un bó bá jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń mú un wá. Torí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mọ sọ́dọ̀ ejẹ́ńtì. Ẹ wọ ọ̀dọ̀ alájàpá ẹ̀gbẹ́ ilé àti télọ̀ àdúgbò, ẹ kí wọn, kí ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni iná máa ń dé àti aago mélòó ni wọ́n máa ń mú un lọ. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN KÍ OWÓ TÓ KÚRÒ LỌ́WỌ́ YÍN

1. Níbo ni rìsíìtì iná tí wọ́n rà kẹ́yìn wà? Ẹ wo nọ́ńbà mítà tó wà lórí rẹ̀ bóyá ó bá ti ara mítà mu. Ẹ wo Band, iye owó yúnìtì kan, àti bóyá wọ́n yọ owó gbèsè kúrò.

2. Ṣé gbèsè wà lórí mítà? Bí ẹni tó kó jáde bá fi gbèsè sílẹ̀, wọ́n lè máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó tí ẹ bá fi ra iná. Ẹ jẹ́ kí onílé yanjú rẹ̀ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì kọ iye tó wà lórí mítà lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ sínú ìwé àdéhùn.

3. Mítà yìí, ti èmi nìkan ni àbí ti gbogbo wa? Níbi tí yàrá mẹ́fà bá ti ń lo mítà kan, ìjà kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ní gílóòbù méjì kò ní fẹ́ dáwó bákan náà pẹ̀lú ẹni tó ń fi iná se oúnjẹ. Bí kò bá sí mítà rárá, bílì àfojúbù ni wọn yóò máa mú wá. NERC ti fi òdiwọ̀n lé irú bílì bẹ́ẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2020, ṣùgbọ́n mítà ṣì sàn jù ú lọ.

4. Ìgbà wo ni wọ́n ti ra iná sí mítà yìí mọ? Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá ọdún 2024, gbogbo mítà tí a ń ra iná sí bọ́ sórí ètò tuntun. Mítà tí wọn kò tíì fún ní nọ́ńbà ìtúnṣe méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ oníjẹ́ẹ̀dígíìtì 20, kò ní gba iná tí ẹ bá rà. Bí ilé bá ti ṣófo láti ìgbà náà, ẹ gba nọ́ńbà méjèèjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ iná, ẹ tẹ èkíní, ẹ tẹ èkejì, kí ẹ tó tẹ ti iná tí ẹ rà. Ọ̀fẹ́ ni.

5. Ṣé wáyà kankan kò gba ẹ̀yìn mítà wọlé? Ìbéèrè yìí wúwo ju gbogbo rẹ̀ lọ. Olè ni lójú òfin, Òfin Iná ọdún 2023 sì ní ìjìyà fún un. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá dé, ẹni tí wọ́n bá nínú ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ dì mú, kò ní jẹ́ ẹni tó ti kó lọ. Bí ilé bá ń lo ẹ̀rọ amúlétutù méjì tí yúnìtì kò sì dín, ẹ má bá wọn yọ̀. Ẹ mú oníṣẹ́ iná tí ẹ fọkàn tán dání lọ wo ilé, kí ẹ sì ní kí ilé-iṣẹ́ iná wá yẹ mítà àti èdìdì rẹ̀ wò kí ẹ tó kó ẹrù wọlé.

BÍ INÁ KÒ BÁ TÓ BÍ WỌ́N ṢE SỌ

Ẹ máa kọ aago tí iná dé àti aago tó lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń san owó Band A tí iná kò sì tó wákàtí 20, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ iná yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NERC tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Láti ìgbà òfin ọdún 2023, àjọ ìpínlẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tó wà ní tiyín. Ó sàn kí àdúgbò fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo ju kí kálukú máa dá pariwo lọ.

Ẹ gé ojú ewé yìí sápò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé, tàbí tí ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ bá fẹ́ gba yàrá kan, ẹ fún un dání. Kí ilé tuntun tu gbogbo wa lára o.