Ọjọ́ Iwájú Èdè Sípáníìṣì ní Equatorial Guinea

Ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, Equatorial Guinea nìkan ni orílẹ̀-èdè tí ó jogún èdè Sípáníìṣì lọ́wọ́ amúnisìn. Ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1968 ni ó gba òmìnira. Ìbéèrè tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni pé: kí ni ó mú èdè náà dúró títí di òní, nígbà tí ó jẹ́ pé èdè àkọ́kúntẹni ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ń sọ ọ́?

Ó rọrùn láti dáhùn pé òfin ni. Ìdáhùn yìí kò tó. Ní ọdún 1969 ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Sípéènì sá kúrò. Macías Nguema, tí ó ṣe olórí títí di ọdún 1979, sì kẹ̀yìn sí èdè wọn. Ẹ̀kọ́ ilé-ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Síbẹ̀ èdè náà kò kú. Ní ìdà kejì, òfin ọdún 1998 sọ Faransé di èdè ìjọba, Potogí sì tẹ̀lé e ní ọdún 2010. Owó CFA, tí wọ́n ti ń ná láti ọdún 1985, kò ṣàì lọ́wọ́ nínú ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè elédè Potogí, tí wọ́n wọ̀ ní ọdún 2014, ni ó fa èkejì. Bí a bá yọ erékùṣù Annobón kúrò, níbi tí èdè àdàlù kan ti jáde láti inú Potogí, ta ni ń sọ Potogí nínú ilé níbẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó ni èdè Pichi. Láti ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ ibi tí ó di Malabo dó ní ọdún 1827 ni àwọn tí ó ti Freetown wá ti gbé Krio (Krio kan náà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀) dé Fernando Po, tí í ṣe Bioko lónìí. Àwọn òṣìṣẹ́ oko kòkó láti Nàìjíríà, tí àdéhùn ọdún 1942 la ọ̀nà fún, tún fi Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tiwọn kún un. Nígbà tí ó fi di ọdún 1976, ọ̀pọ̀ wọn ti padà wálé. Pichi kò bá wọn lọ. Ẹni tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń ná ọjà ní Òṣòdì yóò mọ irú ipò tí ó wà: àwọn alákọ̀wé ń fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹnu ọjà. Òfin kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ohun tí ó gbé Sípáníìṣì ró ni pé kì í ṣe ti Fang, kì í sì í ṣe ti Bubi. Bí wọ́n bá gbé Fang, èdè àwọn tí ó pọ̀ jù lọ, sí ipò náà, inú àwọn ará Bioko kò ní í dùn sí i. Sípáníìṣì sì ni èdè ìwé kíkọ: òun ni María Nsue Angüe fi kọ Ekomo ní ọdún 1985. Nítorí náà, kì í ṣe Faransé ni yóò pa á. Èdè tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bani ni Bubi, nítorí pé nínú ilé tí bàbá àti ìyá kò ti sọ èdè kan náà ní Malabo, Sípáníìṣì tàbí Pichi ni ó sábà máa ń já mọ́ ọmọ lẹ́nu. Òfin ilẹ̀ náà ka àwọn èdè ìbílẹ̀ sí ara àṣà orílẹ̀-èdè, kò kà wọ́n sí èdè ìjọba, Sípáníìṣì sì ni olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ Bubi ní ìṣirò.