Kìlómítà kan náà, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bàálù tó bá gbéra ní Ìkẹjà

Bí bàálù bá ń bọ̀ wálẹ̀ lórí Agége, ó máa ń sún mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ló ń lọ. Àríwá sí gúúsù ni wọ́n la ọ̀nà tí bàálù ń sá lé níbẹ̀, afẹ́fẹ́ Èkó sì sábà máa ń fẹ́ láti ìhà òkun. Bàálù a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn ará Agége máa gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí òrùlé wọn.

Èyí tó bá ti London dé ti rin bí kìlómítà 5,000. Ìṣirò rẹ̀ ò le: London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ọ̀gangan àríwá Ìkẹjà, digíríì 45 ló wà láàárín wọn, digíríì kọ̀ọ̀kan sì tó kìlómítà 111. Bàálù ńlá ń sá bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí márùn-ún ààbọ̀ ló yẹ kó tó. Tíkẹ́ẹ̀tì á kọ bíi mẹ́fà ààbọ̀, torí bàálù á kọ́kọ́ rọra yí lórí ilẹ̀, á gòkè, á sì tún máa fẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kò sì burú: láyé ọkọ̀ ojú omi, Èkó sí Liverpool ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà lọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìkẹjà sí Atlanta, tí iléeṣẹ́ bàálù Delta ti ń ná láti ọdún 2007, lé ní kìlómítà 9,000. Àlọ ń gbà ju wákàtí 12 lọ, àbọ̀ sì máa ń yá ju àlọ lọ dáadáa. Àwọn kan ní ayé tó ń yí ló ń fà á tààrà. Irọ́ ni, torí afẹ́fẹ́ àti bàálù jọ ń bá ayé yí ni. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè, níbi tó tó kìlómítà mẹ́wàá sí ilẹ̀, tó ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Ó lè ju kìlómítà 200 lọ ní wákàtí kan, pàápàá nígbà òtútù. Bàálù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà dà bí ẹni tó ń tukọ̀ lòdì sí odò. Èyí tó ń bọ̀ wálé, odò ló ń gbé e.

Aago náà tún ń tan èèyàn. Ká ní bàálù gbéra ní Ìkẹjà ní aago 11 alẹ́ nínú oṣù Keje, tó fi wákàtí 11 dé New York. Aago 5 ìdájí ni tíkẹ́ẹ̀tì máa kọ, torí aago ìlú tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ń kọ. Ìyá tó bá jí ní Agége ní aago 5 láti dúró de ìpè ọmọ rẹ̀ yóò dúró títí di aago 10 àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú náà ń fa ọ̀nà gùn. Ọ̀nà tó tọ́ jù láti Ìkẹjà sí Yúróòpù gba orí Niger àti Algeria. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú wọn pa ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ. Òfurufú Sudan ti wà ní títì tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ bàálù sì ti ń sá fún ti Libya. Bàálù wá ń yà gba ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, ó ń pẹ́ sí i, ó ń jó epo sí i, títí Niger fi ṣí òfurufú rẹ̀ padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án.