Àṣírí Ẹni Tó Wá Dáfá àti Ibi Tí A Ń Tẹ́ Ẹní Sí: Ohun Tí A Rí ní Ìkirè àti Àpòmù



Obìnrin kan wá ṣàyẹ̀wò lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wa ní Àpòmù. Nítorí pé yàrá gbóná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní sí. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó bí ó ti yẹ, ètè rẹ̀ nìkan ni awo rí tó ń mì. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ balẹ̀, awo kifá, wọ́n ka ẹbọ, ó dìde, ó lọ. Kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ó fẹ́ kó jáde nílé ọkọ. Awo kò sọ, ọmọ awo kò sọ. Ẹnì kan ló ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́jọ́ náà, a kò sì kà á sí. Tiwa ni ẹ̀bi yẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ń fọ aṣọ. Inú ilé rẹ̀ ló kúkú wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí á jókòó, kí á bi ara wa pé níbo gan-an ni àṣírí ẹni tó wá dáfá ti ń tú. Ohun tí a rí ni pé kì í tú lórí ọpọ́n. Ìlànà Ifá ti dáàbò bo ẹni náà títí di ìgbà tí odù bá hù. Ẹ̀yìn èyí ni ààbò náà ń tán, tí ọ̀rọ̀ á wá ku ọwọ́ awo àti ibi tó tẹ́ ẹní sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìlànà náà. Ẹni tó wá kì í ro ẹjọ́ fún awo. Owó ló ń bá sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́, a ó sì fi owó náà kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ tàbí ikin. William Bascom, tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kọ nípa èyí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá náà ṣàlàyé rẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ jáde ní 1976. Iṣẹ́ kan náà ni ìbò ń ṣe. Ẹni tó wá ló di owó ẹyọ àti egungun mọ́ ọwọ́, Ifá ló ń mú ọwọ́ kan, awo kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí tí a ó fi ní kí ó là á. Bí awo bá wá ń kifá, ẹni àtijọ́ ni ẹsẹ Ifá ń dárúkọ: ẹnì kan láyé ọjọ́un tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ṣẹlẹ̀ sí, tó rúbọ tàbí tí kò rú. Gbogbo ilé lè máa gbọ́. Ẹni tó jókòó sórí ẹní nìkan ló mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí awo bá fi ẹsẹ sílẹ̀, tó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ìyá, ọ̀rọ̀ ilé ọkọ yín ni o." Tí ìyá bá wá dáhùn pé, "Bàbá, Ifá ò purọ́," tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti òkè délẹ̀, ó ti bọ́ síta nìyẹn. Ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kì í mọ níwọ̀n.

Ìlú tiwa wá tún mú un le. Ìkirè ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n àlejò kò lè mọ ìgbà tó kúrò nínú ọ̀kan tó bọ́ sínú èkejì. Ẹni tó sá fún ojú ará ilé ní Ìkirè, tó wá dáfá ní Àpòmù, kò tíì sá dé ibì kan. Ọjà Àpòmù sì kì í ṣe ọjà àná. Kí ogun Òwu tó bẹ́ ní nǹkan bí 1820 ni Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Òwu ti ń pàdé níbẹ̀. Samuel Johnson ka aáwọ̀ inú ọjà yìí mọ́ ohun tó fa ogun náà. Ibi tí ọjà bá ti pẹ́ tó báyìí, ìròyìn mọ ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn kan máa ń ṣe bí ẹni wá ra dòdò Ìkirè kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ awo, àwọn tiwa náà ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí ohun kan náà. A ò rí aburú níbẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n kò kọ awo ìlú rẹ̀.

Níbo wá ni kí á tẹ́ ẹní sí? Ọ̀pọ̀ yóò ní inú yàrá, kí á ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: bí awo ọkùnrin bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ìyàwó oníyàwó, àṣírí kan ni a bò, òmíràn ni a dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ nípa ilẹ̀kùn náà lè burú ju èyí tí obìnrin náà gbé wá lọ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ohun méjì ni kí á yà sọ́tọ̀: ojú àti etí. Ojú lè rí wọn, etí ni kò gbọdọ̀ gbọ́ wọn. Ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi, níbi tí kò súnmọ́ ògiri tàbí kànga, dára ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá lọ. Kí apẹ̀tẹ̀bí tàbí àgbà obìnrin kan jókòó lọ́ọ̀ọ́kán níbi tó ti ń rí wọn, kó máa ṣa ẹ̀wà rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, a lè lo yàrá, kí á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí awo sì rẹ ohùn nílẹ̀ tó bá kúrò lórí kíké ẹsẹ.

Àwọn tó ń gbé ilé àyágbé tí yàrá kọjú sí yàrá ni ọ̀rọ̀ yìí le fún jù. Awo mìíràn nínú wọn ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ní àyè sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ máa lo ojúbọ kan ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun kan wà tí a kì í sábà ronú sí. Odù tó hù lórí ọpọ́n, awo tó ń kọjá lọ lè kà á. Ó dúró kí wa, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìyẹ̀rosùn, ó sì gbé ẹsẹ kan sí i láti ran ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àṣà tó dára ni láàárín wa, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó kò pe ẹni méjì. Àwọn tó ń fi káàdì Tarot wòye ní ilẹ̀ òyìnbó mọ irú ìnira yìí. Káàdì méjìdínlọ́gọ́rin ni, a máa ń ṣí i sílẹ̀ gbangba, ìtumọ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè rà. Nítorí náà àwọn tó mọ iṣẹ́ nínú wọn kì í fẹ́ tẹ́ ẹ sí ibi tí èrò ti ń kọjá. Tiwa rọrùn jù ú lọ: kí á fi ọwọ́ nu ìyẹ̀rosùn kí á tó dáhùn ìkíni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ awo dá ìyapa sílẹ̀ láàárín wa, a kò sì ní fi pamọ́. Àwọn àgbà kan ní bí ọmọ kò bá gbọ́ bí a ṣe ń túmọ̀ odù fún ènìyàn, ẹsẹ lásán ni yóò mọ̀, kò ní mọ Ifá. Òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, èrò tiwa ni pé kí ọmọ awo jókòó nígbà tí a bá ń dá a àti nígbà tí a bá ń ki í, kó sì dìde nígbà tí ẹni tó wá bá fẹ́ fèsì. Nígbà tó bá di alẹ́, kí ọ̀gá sọ odù náà àti bí òun ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un, láìdárúkọ, láìsọ àdúgbò. Ìkirè kò tóbi: "obìnrin aláṣọ kan" ti tó orúkọ.

Ẹbọ náà ń tú àṣírí ju ẹnu lọ. Ẹ rán ẹni tó wá dáfá lọ sọ́dọ̀ lẹ́kùlẹ́jà, kó ka ohun mẹ́fà tí awo kà fún un. Kó tó ka ìkẹrin, ìyá náà ti mọ̀ bóyá ọmọ ló ń wá ni tàbí ẹjọ́ ló ní. Bí awo bá sì gba owó pé òun yóò rà á, ẹni náà lè máa rò pé a ti bu owó lé e, ìfura yìí kò sì ṣàdéédé wáyé. Ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wa ni pé kí ẹni náà fúnra rẹ̀ ra ẹyẹlé, àkùkọ, epo àti obì, ohun tí gbogbo ènìyàn ń rà. Kí awo wá ewé àti egbò, kó sì sọ iye rẹ̀ kí ó tó lọ. Ẹbọ tó bá kan oríta, ìdájí ni kí á gbé e.

Ẹ̀yin olùwádìí, ọ̀rọ̀ yín nìyí. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ní ọgbà ní Ìkirè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá gba ohùn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, inú wa sì ń dùn. Kí ẹ gba ohùn awo, kí ẹ pa ẹ̀rọ nígbà tí ẹni tó wá bá ya ẹnu. Kí awo tí ń gbé fóònù sókè, tí ń fi ojú oníbèéèrè han ayé lórí Facebook, mọ̀ pé abala 37 nínú òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń bá ènìyàn sọ lórí fóònù. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera àti ẹ̀sìn ènìyàn mọ́ ohun tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì. Ẹni tó bá ń dáfá fún ọmọ wa tó wà ní London, kó bi í léèrè bóyá òun nìkan ló wà nínú yàrá.

A kò sọ pé gbogbo Ifá ni kí á fi pamọ́. Àkọsẹ̀jayé, ti ẹbí ni. Ifá ìlú, ti ìlú ni, àwọn tí ó kàn ní láti gbọ́. Bí ẹnì kan bá sì sọ lórí ẹní wa pé òun fẹ́ pa ọmọ ènìyàn lára, tàbí a rí i pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, a kò rò pé awo ló yẹ kó bo irú rẹ̀. Níbẹ̀, a ó sọ fún ẹni náà lójú ara rẹ̀ pé a kò ní dákẹ́, kí á tó lọ bá àwọn tó lè dá sí i.

Awo tí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí ìdí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. Ó lọ bẹ obìnrin náà nílé àwọn òbí rẹ̀, ó sì dá owó ẹbọ padà fún un. Obìnrin náà gba owó, kò gba ẹ̀bẹ̀.