Orúkọ Kan Náà, Iná Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ẹ Wò Ó Dáadáa Kí Ẹ Tó Ra Láptọ́ọ̀pù Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ló kàn lójú ìwé okòwò lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi í wá oúnjẹ òòjọ́: ẹ̀yin tí ẹ ń to fídíò òde ìnáwó, ẹ̀yin tí ẹ ń bá oníṣọ́ọ̀bù ṣe ìṣirò owó.

Sítíkà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò. Bí ó bá ti kọ Core i7, a ti mówó jáde nìyẹn. Ṣùgbọ́n i7 ju i7 lọ. Ẹ wo Core i7-8550U tí Intel gbé jáde lọ́dún 2017, tó ṣì wà lọ́jà tòkúnbọ̀. Wáàtì 15 ni Intel kọ fún un, wọ́n sì fún àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù láyè láti fà á wálẹ̀ sí 10, tàbí kí wọ́n gbé e dé 25. Sítíkà kan náà ni wọn yóò lẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó bá wu wọ́n ìbáà ṣe.

Oríṣi ààlà iná méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún iṣẹ́ tó pẹ́. Èkejì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìgbà díẹ̀ ló wà fún, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 28. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ń sáré bí ehoro lójú ẹni tó ń tà á, tó sì ń di ìgbín nílé nígbà tí ẹ bá gbé fídíò wákàtí mẹ́ta fún un. Kò bàjẹ́ o, ààlà ló dé.

Ooru ńkọ́? Bí processor yìí bá gbóná dé 100°C, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dẹwọ́. Láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí fáànù rẹ̀ kéré á tètè débẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ sílé, afẹ́fẹ́ tí fáànù máa fà wọlé ní Ìbàdàn lóṣù kẹta ti gbóná kó tó débẹ̀.

Owó gọbọi kò ní kó má ṣẹlẹ̀. Lóṣù keje ọdún 2018, MacBook Pro tuntun tó ní Core i9 ń falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ bí iṣẹ́ bá wúwo. Apple gbà pé àṣìṣe wà nínú firmware rẹ̀, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi àtúnṣe síta lóṣù náà. Nítorí náà, ẹ má máa fi àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ falẹ̀.

Bí ṣájà tó bá a wá bá jẹ́ wáàtì 65, tí ẹ wá ra ti 30 nítorí ó pọ́ọ́kú, ẹ̀rọ lè dín agbára rẹ̀ kù, tàbí kí bátìrì máa tán lórí iná. Àwọn ọmọ wa kan sì ń fi sọ́fítíwià ti ààlà náà sókè. Bí ṣájà tàbí fáànù kò bá lè gbé e, ẹ̀rọ lè kú pii, iṣẹ́ oníbàárà tí ẹ kò tíì fi pamọ́ á sì bá a lọ.

Ẹ bi ẹni tó ń tà á: wáàtì mélòó ló ń jẹ lẹ́yìn ìdajì wákàtí iṣẹ́? Ọ̀pọ̀ wọn kò ní mọ̀. Ní Britain, ohun tuntun tí ẹ bá rà lọ́wọ́ ilé ìtajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sábà máa ń ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ láti sọ pé ẹ kò fẹ́ mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí ẹ tó gbé fídíò gidi kan fún un.